Bí a ṣe ń ṣe agbẹjọ́rò fún ìjọba ìbílẹ̀ ní Èkó

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ẹ̀ka òfin ní ìjọba ìbílẹ̀ ni ó máa ń rò pé iwájú adájọ́ ni iṣẹ́ wà. Nínú àwọn ẹjọ́ tí mo ti bá pàdé, yálà ní Erékùṣù Èkó tàbí ní apá Èbúté Mẹ́tà àti Yábàá, orí tábìlì akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà ni káńsù ti sábà máa ń jàre tàbí jẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni tó wọ aṣọ dúdú rárá. Òǹtẹ̀ tí akọ̀wé náà tẹ̀, ọjọ́ tó wà lára òǹtẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí lẹ́tà náà bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀, ni olórí iṣẹ́ wa. Ẹni tó fẹ́ bọ́ sí ipò yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín, ẹjọ́ owó, ilẹ̀, àdéhùn àti ẹ̀tọ́ aráàlú ni mo sì ní lọ́kàn, kì í ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé ẹjọ́ kankan, ẹ fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ka òfin tó bí ẹni tí ẹ ń ṣojú fún. Ẹ̀ka keje Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ni ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn máa wà, Àfikún Kẹrin òfin kan náà ni ó sì ka iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì ọkọ̀, ilé ìyàgbẹ́ gbogboogbò, itẹ́ òkú, ilé ìpẹran, orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé, àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, ìdíyelé ilé fún owó-orí ilé, àbójútó ṣọ́ọ̀bù, ìsọ̀, ilé oúnjẹ àti ọtí títà. Ẹ tẹ àtòjọ yẹn jáde, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí ojú yín yóò ti máa rí i, nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí ìwé yòówù tó bá dé iwájú yín ni bóyá ọ̀rọ̀ náà jẹ́ iṣẹ́ káńsù tàbí iṣẹ́ ìpínlẹ̀.

Ti Èkó tún ní kókó kan nínú tí ó ti mú àwọn tó dàgbà jù wá lọ kọsẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni Òfin-ìpìlẹ̀ dárúkọ fún ìpínlẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ní 2003 ìjọba ìpínlẹ̀ dá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè 37 sílẹ̀, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní LCDA. Ìjọba àpapọ̀ torí rẹ̀ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró, Èkó sì gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró, pé ìpínlẹ̀ ní agbára láti dá káńsù tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n pé iṣẹ́ ìdásílẹ̀ náà kò tíì pé títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi tún àtòjọ inú Òfin-ìpìlẹ̀ ṣe. Nítorí náà, bí ìwé ìpẹ̀jọ́ bá dé tí wọ́n kọ ọ́ sí LCDA Yábàá, ẹ má kàn gbà á bí ẹni pé orúkọ lásán ni. Ẹ wo ta ni ó fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n ń jà lé lórí, àpò ta ni owó ti jáde, àti ipa wo ni Ìjọba Ìbílẹ̀ Lagos Mainland tí wọ́n gé e kúrò lára rẹ̀ ní nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ ó sọ nípa ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Ẹ ka ìdájọ́ ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024 pẹ̀lú, èyí tí ó ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà, tí ó sì ní gómìnà kò gbọdọ̀ tú káńsù tí aráàlú dìbò yàn ká. Akápò yín yóò bi yín nípa rẹ̀ kí oṣù tó parí.

Ẹ mọ ẹni tí ẹ ń ṣiṣẹ́ fún. Káńsù ni oníbàárà yín, alága kì í sì í ṣe káńsù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára gbogbo pátákó. Bí alága bá ní kí ẹ kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ sí ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ ń jà lórí ilẹ̀ ìdílé, ẹ dúró kí èrò tú ká ní ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé pé agbẹjọ́rò ti ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìpínrọ̀ méjì, kí ẹ fi ọjọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sínú fáìlì. Ìmọ̀ràn ẹnu kì í pẹ́ gbàgbé. Bí ayẹ̀wéwò owó bá dé lọ́dún mẹ́ta sí i, ìwé yẹn nìkan ni yóò sọ pé ẹ sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan akọ̀wé tó ń gba lẹ́tà. Ní káńsù kan tí n kò ní dárúkọ, akódà ilé-ẹjọ́ gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ wá ní ọjọ́ Ẹtì kan lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ ti ń palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́. Ó buwọ́ lù ú, ó tẹ òǹtẹ̀, ó sì fi í sínú fáìlì àwọn ìwé ìpè sí ayẹyẹ tí wọ́n máa ń gbé lọ fún alága, nítorí pé àpòòwé náà funfun, ó sì nípọn bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ọjọ́ 39 kọjá kí ẹnikẹ́ni tó já a. Ọjọ́ 42 ni ìlànà Ilé-ẹjọ́ Gíga Èkó fún olùjẹ́jọ́ láti fi ìwé ìgbèjà rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí tí wọ́n búra sí, àti gbogbo ìwé tí wọn yóò gbé ka iwájú adájọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó kù fún mi, ọ́fíìsì akápò ni mo ti lò ó, tí à ń tú páálí lẹ́yìn páálí.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò gba owó púpọ̀, mo sì gbà yín níyànjú láti ṣe é kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tí yóò dá yàtọ̀ sí ti lẹ́tà yòókù. Kí ìlà rẹ̀ ní ọjọ́, aago, orúkọ ẹni tó gbé ìwé wá, orúkọ ẹni tó gbà á, àti ìbuwọ́lù ẹni tí wọ́n gbé e fún láàárín ẹ̀ka òfin. Ẹ sọ fún akọ̀wé pé ìwé yòówù tó bá ti ọ̀dọ̀ akódà, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò wá kò gbọdọ̀ sùn lórí tábìlì rẹ̀ mọ́jú. Kí ẹ sì máa kí i lárààárọ̀. Mo mọ agbẹjọ́rò tí kò mọ orúkọ akọ̀wé rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan.

Ìwé tí ó ṣe pàtàkì jù tí yóò gba ọwọ́ akọ̀wé yẹn kọjá ni ìwé ìkìlọ̀ tó máa ń ṣáájú ẹjọ́. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ní kí ẹni tó bá fẹ́ pe káńsù lẹ́jọ́ kọ́kọ́ kọ̀wé, kí oṣù kan ó kéré tán sì kọjá kí ó tó lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ wo bóyá ó sọ ohun tí ó ń bínú sí, bóyá orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ wà níbẹ̀, àti bóyá ó sọ ohun tí ó ń bèèrè. Bí ó bá lọ sí ilé-ẹjọ́ láì kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ gbé àtakò yín dìde ní kíákíá, nítorí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 2002, nínú ẹjọ́ Mobil àti àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Èkó, LASEPA, pé ẹ̀tọ́ yìí jẹ́ èyí tí ẹni tó ni ín lè yọ̀ǹda. Ẹni tó bá ti ń báṣẹ́ ẹjọ́ lọ, tó ti fi ìwé ìgbèjà sílẹ̀ tí kò sì ménu bà á, ti yọ̀ǹda rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sì ṣe ka oṣù kan náà sí ìdẹkùn tí a dẹ sílẹ̀ fún olùpẹ̀jọ́. Àkókò ni òfin fún wa láti bi ara wa léèrè bóyá àwa ni a ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ìkìlọ̀ ni lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ kan àti owó díẹ̀ lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí ẹnìkan bá kà á lákòókò.

Gbèdéke kejì tí ẹ ó máa ka ọjọ́ rẹ̀ ni ti òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba. Oṣù mẹ́ta ni ó fún ẹni tí iṣẹ́ ìjọba ṣe ní jàǹbá láti pẹjọ́, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní 1998 pé ààbò náà kan àjọ ìjọba bí ó ti kan ènìyàn. Àwọn agbẹjọ́rò káńsù fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, wọ́n sì máa ń gbé e síbi tí kò bá a mu. Kò ṣiṣẹ́ lórí àdéhùn: ilé-ẹjọ́ kan náà ti sọ bẹ́ẹ̀ ní 2007, nínú ẹjọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó sì tún ní 2019 pé kò kan àdéhùn ìgbanisíṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́ níbi tí jàǹbá náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, bí gọ́tà tí káńsù gbẹ́ tí ó ń da omi sínú yàrá onílé ní gbogbo òjò. Bí agbaṣẹ́ṣe tí ẹ jẹ lówó bá pẹjọ́ lẹ́yìn ọdún kan, tí ẹ wá ń ka oṣù mẹ́ta fún adájọ́, ẹ óò kàn fi àkókò ṣòfò ni, adájọ́ náà yóò sì rántí yín nígbà mìíràn.

Lórí ìwé tí ẹ bá ń kọ, ẹ fi orúkọ ti ara yín buwọ́ lù ú, bí ó ti wà lára àkọsílẹ̀ àwọn agbẹjọ́rò ní ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ. Láti ìgbà ìdájọ́ Okafor àti Nweke ní 2007, ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò fọwọ́ sí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé «Ẹ̀ka Òfin, Ìjọba Ìbílẹ̀» kò lè buwọ́ lu nǹkan kan. Ẹ san owó iṣẹ́ ọdọọdún yín kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá, kí òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò lè wà lọ́wọ́ yín. Káńsù kì í tètè dá owó yẹn padà, ẹ má dúró dè é.

Ìwé káńsù fúnra rẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí, gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀dà tí a jẹ́rìí sí gẹ́gẹ́ bí òfin ẹ̀rí ọdún 2011 ṣe là á sílẹ̀: òṣìṣẹ́ tó ni ìwé náà ní ìkáwọ́ yóò kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀dà tòótọ́ ni, yóò kọ orúkọ àti ipò rẹ̀, yóò fi ọjọ́ àti ìbuwọ́lù sí i, wọn yóò sì san owó rẹ̀. Owó náà kéré, ṣùgbọ́n ẹ má fò ó. Ní 2011, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé sísan owó yìí wà lára ohun tó ń sọ ẹ̀dà di ẹ̀rí, nítorí náà ẹ lẹ rìsíìtì mọ́ ọn. Ẹ sì máa fi ẹ̀dà gbogbo fáìlì pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà àti sí ibòmíràn lóde ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n dáná sun ilé-ẹjọ́ gíga tó wà ní Ìgbósẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, fáìlì ẹjọ́ lọ pẹ̀lú iná, ẹni tí ẹ̀dà pípé wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ni ó sì ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa lọ fojú rí ohun tí ẹ ń jà lé lórí. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan ní ọjà kan ní apá Mainland pe káńsù lẹ́jọ́ pé wọ́n ti ìsọ̀ òun pa, tí wọ́n ní òun jẹ owó ọdún mẹ́ta. Ọ̀gá ọjà fi ìwé rẹ̀ hàn mí, kò sí àmì sísan kankan lójú ìlà orúkọ ìyá náà. Mo gba ọjà lọ. Nígbà tí mo kí i, ó wo báàjì ọrùn mi, ó ní, «Ẹ káàsán, ọmọ mi. Ṣé ẹ̀yin náà wá ti ibi tí wọ́n ti tì ni?» Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ọ̀rá dúdú kan lábẹ́ àpótí, ó sì ń to ohun inú rẹ̀ sórí àtẹ ata: rìsíìtì káńsù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà àti ọjọ́, ti ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó gba owó náà ti kúrò níṣẹ́, kò sì kọ ọ́ sínú ìwé ọjà. Kí oòrùn tó wọ̀ ni mo ti kọ̀wé sí máníjà káńsù pé kí wọ́n ṣí ìsọ̀ náà, kí a sì bá a parí ọ̀rọ̀. Ká ní mo kàn gbára lé ìwé ọ̀gá ọjà ni, iwájú adájọ́ ni ìyá náà yóò ti tú ọ̀rá rẹ̀.

Owó gbígbà ni ẹjọ́ ti máa ń pọ̀ jù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó yé yín dáadáa. Òfin àtòjọ owó-orí tí wọ́n ṣe ní 1998 ka owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà sílẹ̀, lára wọn ni ti ṣọ́ọ̀bù àti ìsọ̀, ọjà, gáréèjì, ìwé àṣẹ ọtí, ilé ìpẹran, títi ọ̀nà fún ayẹyẹ, ibi ìsìn, àti ọkọ̀ tí wọ́n gbé síbi tí kò yẹ. Òfin náà kọ̀ kí ẹnikẹ́ni di ojú ọ̀nà torí àtigba owó-orí. Èkó náà ní òfin àtòjọ tirẹ̀ ti 2010. Ní 2025 sì ni wọ́n buwọ́ lu àwọn òfin owó-orí tuntun fún gbogbo Nàìjíríà, nítorí náà ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà tí ẹ ń kà kì í ṣe ti àná. Bí ọ̀gá kan bá gbé orúkọ owó tuntun wá, pé kí gbogbo alátẹ Ìdúmọ̀tà tàbí oníṣọ́ọ̀bù Balógun máa san án, ẹ bi í pé inú àtòjọ wo ni ó wà, òfin káńsù wo ni ó gbé e dúró, ọjọ́ wo ni àwọn káńsẹ́lọ̀ jókòó lé e lórí, àti pé níbo ni ìwé ìpàdé ọjọ́ náà wà. Ìkéde lórí rédíò kì í sọ owó di òfin, pátákó tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà ọjà náà kò lè sọ ọ́ dì í.

Lórí owó-orí ilé, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1998, nínú ẹjọ́ Knight Frank àti ìjọba Kánò, pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni iṣẹ́ ìdíyelé ilé, ìpínlẹ̀ kò lè gbà á ṣe mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Èkó, Land Use Charge, owó ilé àti ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀ ní 2001, kó o pọ̀ mọ́ owó mìíràn, tí káńsù sì lè fi ìwé àdéhùn yan ìpínlẹ̀ láti máa gbà á dípò rẹ̀. Ẹ wá ìwé àdéhùn káńsù yín rí, kí ẹ sì ka ọjọ́ tí wọ́n buwọ́ lù ú. Onílé tó ní agbẹjọ́rò tó já fáfá yóò bèèrè rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù títì pa gba sùúrù. Ẹ kọ̀wé ìkìlọ̀, ẹ fún onítọ̀hún ní ọjọ́ tó ṣe é gbà, ẹ gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gba àṣẹ ilé-ẹjọ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ tó gbé kọ́kọ́rọ́ dání lọ. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ya fọ́tò ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó tì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹrù tí olówó rẹ̀ bá lálàá rẹ̀ ni yóò di ohun tí káńsù jí.

Ní ti agbaṣẹ́ṣe, ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ kankan bẹ̀rẹ̀ láìsí lẹ́tà ìfiṣẹ́lélẹ̀ àti ìdánilójú akápò pé owó wà fún un nínú ìṣúnná ọdún náà. Gbèsè tí kò bá kọjá mílíọ̀nù márùn-ún náírà lè gba ilé-ẹjọ́ ẹjọ́ kéékèèké tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018, ibẹ̀ sì yára ju bí káńsù ṣe máa ń dìde lọ. Bí ẹni tó jàre bá fẹ́ gba owó káńsù ní báǹkì, ẹ rántí ẹ̀ka 84 òfin àwọn akódà àti ìwé ẹjọ́, tí ó bèèrè ìyọ̀ǹda agbẹjọ́rò àgbà ìjọba fún owó tó wà ní ìkáwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ máa sá fún gbèsè tòótọ́. Ibi ìparíjà tí wọ́n ń pè ní Lagos Multi-Door Courthouse ti wà láti 2002, àwọn agbaṣẹ́ṣe sì fẹ́ràn owó díẹ̀díẹ̀ tó dájú ju ìdájọ́ ńlá tí kò rówó lọ. Kí ẹ tó buwọ́ lu àdéhùn ìparíjà, ẹ gba àṣẹ nínú ìwé láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ alákòóso, kí akápò sì kọ ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan sí i.

Ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Ìkòyí ni ó ń lọ, kì í ṣe ilé-ẹjọ́ gíga. Ẹ wo bóyá Ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni ó gbà á síṣẹ́ tàbí alága ni ó fi lẹ́tà pe é. Òfin méjèèjì kò jọra. Aráàlú tó bá kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011, ọjọ́ méje péré ni ẹ ní láti dá a lóhùn, láti oṣù Kẹrin 2025 sì ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fi òpin sí àríyànjiyàn bóyá òfin náà kan àwọn ìpínlẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ náà yóò kọ́kọ́ dé tábìlì akọ̀wé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n bá dìbò, bí ti ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, alága tuntun yóò wọlé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀ àti agbẹjọ́rò tí ó bá a ṣe ìpolongo. Ẹ ti gbọ́dọ̀ pèsè ìwé kan sílẹ̀ dè é, tí kò ju ojú-ewé mẹ́rin lọ: orúkọ ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan, ilé-ẹjọ́ àti adájọ́ tó wà níwájú rẹ̀, iye owó tó lè ná káńsù, ẹni tó ń ṣe ẹlẹ́rìí wa àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti ọjọ́ tí ẹjọ́ yóò tún wáyé. Ẹ gbé e fún un fúnra yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí akọ̀wé rẹ̀ buwọ́ lu ẹ̀dà tiyín, kí ó sì kọ ọjọ́ àti aago tí ó gbà á.